Ọ̀nà inú tàbí ọ̀nà ṣíṣí: èwo ló bá imú yín mu?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún ìrísí imú ṣe ló ń fi ọ̀rọ̀ àpá yan dókítà. Wọ́n á ti gbọ́ pé ọ̀nà kan ń fi àpá sílẹ̀ lábẹ́ imú, pé èkejì kì í fi sílẹ̀, wọ́n á sì ti pinnu tán kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wo inú imú wọn. Àpá tí wọ́n ń sá fún yìí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 sí 7 lọ, abẹ́ imú ló sì wà. Ohun tó yẹ ká fi yan ọ̀nà ni ibi tí àtúnṣe wà gan-an: ṣé orí igi imú ni, ṣé ṣóńṣó imú ni, àbí méjèèjì?

Ọ̀nà inú, tí àwọn dókítà ń pè ní closed rhinoplasty, ló pẹ́ jù nínú méjèèjì. Dókítà John Orlando Roe ti Rochester ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ lọ́dún 1887. Inú ihò imú ni gbogbo ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Dókítà á kọ́kọ́ gún lidocaine, oògùn tó ń mú ibi tí wọ́n bá gún kú tipiri, tí wọ́n pò mọ́ adrenaline sábẹ́ awọ imú, kí òpójẹ̀ lè fún pọ̀. Ó yẹ kó dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó tó mú ọ̀bẹ. Èyí tó bá kánjú níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa nù títí iṣẹ́ á fi parí, abẹ́ ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún á sì wú ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti ojú ọgbẹ́ yẹn ló ti máa ya awọ kúrò lára igi imú. Òkè igi imú jẹ́ eegun líle, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ eegun rírọ̀ bíi ti etí. Bí gegele bá wà níbẹ̀, fáìlì ni wọ́n fi ń ha ti òkè, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé ti ìsàlẹ̀. Tí gegele bá ti kúrò, orí igi imú á tẹ́ pẹrẹsẹ, àlàfo á sì wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin olójú mímú tó fẹ̀ tó mìlímítà 2 tàbí 3 ṣẹ́ eegun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n lè sún mọ́ra. Bí ohun tí ẹ fẹ́ kò bá ju èyí lọ, tí ṣóńṣó imú yín sì dára, ọ̀nà inú la máa mú. Kì í gbà tó ìkejì rẹ̀ lákòókò, wíwú rẹ̀ tètè ń lọ, ṣóńṣó imú kì í sì í kú tipiri fún oṣù púpọ̀.

Ibi tí ọ̀nà inú ti ń kọsẹ̀ ni ṣóńṣó yẹn gan-an. Ṣóńṣó imú dà bí ìkòkò tó jókòó lórí ààrò mẹ́ta: eegun rírọ̀ apá ọ̀tún, ti apá òsì, àti ibi tí méjèèjì ti pàdé láàárín ihò imú. Tí ti àárín bá kúrú sí i, ṣóńṣó á wálẹ̀. Tí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá kúrú, á yí sókè. Kí dókítà tó lè rán wọn láti inú, ó ní láti gé ojú ọgbẹ́ míì sí etí ihò imú, kó fa eegun rírọ̀ náà jáde, kó rán an níta, kó sì dá a padà. Nígbà tó wà níta, ó ti lọ́. Ohun tó dọ́gba lójú dókítà nígbà náà lè má dọ́gba mọ́ tó bá padà sáyè rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí yóò ṣe yí, àmọ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ibi tí wọ́n ń gé láàárín eegun rírọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lára ohun tó gbé ṣóńṣó dúró. Bí wọn ò bá fi nǹkan gbé e padà, imú tó dára lórí tábìlì lè rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ọ̀nà ṣíṣí, open rhinoplasty, wá láti yanjú èyí. Dókítà Réthi ní Budapest ti ń gé abẹ́ imú báyìí ṣáájú ọdún 1940, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Dókítà Goodman ní Kánádà kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1973 ló tó gbilẹ̀. Wọ́n á gé etí inú ihò méjèèjì, wọ́n á sì fi ojú ọgbẹ́ kan so wọ́n pọ̀ láti iwájú awẹ́ ẹran tó pín ihò imú níyà, níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ béèrè bí wọn ó ṣe gé e. V tó dorí kodò tàbí àtẹ̀gùn ló yẹ kó jẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà gbọọrọ, torí àpá tó lọ gbọọrọ máa ń fà pọ̀, ó sì máa ń dá kòtò sí abẹ́ imú. Bí wọ́n bá gé e nísàlẹ̀ jù, níbi tí kò sí eegun rírọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kòtò kan náà ló máa dá. Òwú tín-ín-rín 6-0 ni wọ́n sábà fi ń rán an, wọ́n sì ń yọ ọ́ láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Àwọn tó ń bẹ̀rù kílọ́ìdì, ìyẹn àpá tó ń wú ga sókè, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀: ó ṣọ̀wọ́n gan-an níbi yìí, kódà lára awọ dúdú. Síbẹ̀, tí ẹ bá ti ní i níbòmíì, ẹ sọ fún dókítà.

Ohun tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù jù àpá lọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ṣóńṣó imú. Ọ̀nà ṣíṣí ń gé òpójẹ̀ tó gba àárín gòkè, ó sì ku àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, tí wọ́n ń kọjá ní mìlímítà 2 sí 3 péré lókè ìlà tó yí ẹ̀gbẹ́ imú ká. Bí wọ́n bá tún fẹ́ dín ihò imú kù lọ́jọ́ kan náà, ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ gòkè ju mìlímítà 2 lọ látorí ìlà yẹn. Ọ̀rá abẹ́ awọ ṣóńṣó náà, wọn kò gbọ́dọ̀ ha á jù, torí inú rẹ̀ ni òpójẹ̀ wà. Awọ lè kú tí wọ́n bá kọjá àlà níbẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá. Kéèyàn jáwọ́ nínú sìgá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Àléébù ọ̀nà ṣíṣí kejì ni sùúrù. Ṣóńṣó imú á le gan-an bí igi, á sì wú fún oṣù púpọ̀. Ọdún kan ni ká fi wo ìrísí tó máa dúró, tí awọ bá sì nípọn, ó lè tó ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí imú bá wọ́, bí ṣóńṣó kò bá dọ́gba, bí igi imú bá rẹlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e sókè, tàbí tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é rí, ọ̀nà ṣíṣí la máa sọ pé kí ẹ mú. Ẹni tí awọ imú rẹ̀ nípọn tí eegun rírọ̀ rẹ̀ sì rọ̀ jù náà wà níbí. Gígé dín kù kì í gbe irú imú bẹ́ẹ̀; wọ́n ní láti fi eegun rírọ̀ ṣe òpó sábẹ́ ṣóńṣó, kí ó tó lè hàn látinú awọ.

Èwo ni preservation rhinoplasty tí gbogbo èèyàn ń polówó? Kì í ṣe ọ̀nà kẹta. Dípò kí wọ́n ha gegele láti òkè, wọ́n á yọ ẹyọ tín-ín-rín kúrò lára ògiri àárín imú, wọ́n á sì sọ gbogbo igi imú kalẹ̀ lódindi, kí orí rẹ̀ lè wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ọ̀nà inú tàbí ọ̀nà ṣíṣí ni wọ́n lè gbà ṣe é. Dókítà Goodale ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ọdún 1900. Orúkọ tuntun ló dé lọ́dún 2018. Ó dára fún gegele tó gún régé. Bí ògiri àárín bá wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kò ní bá a lọ, àti pé gegele lè padà yọ díẹ̀ tí wọn ò bá tú agbára ògiri náà sílẹ̀ tó. Ẹ̀rọ piezo tó ń fi ìró gé eegun láìgé ẹran náà, ohun èlò lásán ni. Ó ń gé eegun mọ́ dáadáa, àmọ́ ó fẹ́ àyè, ìdí nìyẹn tó fi sábà jẹ́ pé ọ̀nà ṣíṣí ló ń bá rìn. Abẹ́rẹ́ filler, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ láti mú un kún, kò lè dín imú kù rárá, ńṣe ló ń fi kún un. Tó bá sì wọ inú òpójẹ̀, ó lè pa awọ tàbí kó fọ́ ojú.

Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà, àwọn ìwọ̀n kan wà tí dókítà tó mọṣẹ́ kò ní fojú fò. Eegun rírọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù tó mìlímítà 6 ó kéré tán. Tó bá dín, ẹ̀gbẹ́ imú á fà sókè, á fún pọ̀, yóò sì máa dì mọ́ra nígbà tí èèyàn bá mí sínú. Tí wọ́n bá ń mú eegun rírọ̀ lára ògiri àárín, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mìlímítà 10 sílẹ̀ lókè àti níwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi imú á jìn. Bí wọ́n bá ti ha gegele tó ga, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fi eegun rírọ̀ há ẹ̀gbẹ́ ògiri náà méjèèjì. Bí wọn ò bá ṣe é, àárín imú lè wọlé, kí ààmì V tó dorí kodò hàn lójú awọ, kí mímí sì nira. Iṣẹ́ tó dára lójú àmọ́ tí kò jẹ́ kéèyàn mí, àṣìṣe gbáà ni.

Ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Kí ẹ ti dá ásípírìn, ibuprofen àti epo ẹja dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, nítorí àwọn kan ń lo ásípírìn torí ọkàn. Ike orí imú á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ sùn pẹ̀lú orí sókè, ẹ má fun ikun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ la ẹnu tí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ má sì gbé jígí lé igi imú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Tí inú imú bá ṣàdédé dí pa, tó ń ro yín kíkankíkan tó sì wú, ẹ má dúró dọ̀la: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sára ògiri àárín, bí wọn ò bá sì tètè tú u dà nù, ògiri náà lè jẹrà.

Nígbà tí ẹ bá lọ bá dókítà, ẹ má bi í pé èwo ló dáa nínú ọ̀nà méjèèjì, torí èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa yìn. Ẹ ní kó tọ́ka sí ibi tó fẹ́ tún ṣe lára imú yín, kó sọ ohun tó fẹ́ gé, ohun tó fẹ́ fi kún un, àti ibi tí yóò ti mú un. Ẹ ní kó fi àwòrán ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ hàn yín, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti abẹ́. Àwòrán oṣù kìíní kò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yàn láàárín ọ̀nà tí dókítà náà ń ṣe lójoojúmọ́ àti èyí tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń ṣe lójoojúmọ́ la máa mú, kódà tó bá máa fi àpá sílẹ̀.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà sọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò. Bí àtúnṣe bá máa wà, ó tó ọdún kan kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án, ó sì lè jẹ́ dókítà míì ni yóò ṣe é. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni iye eegun rírọ̀ tó ṣẹ́ kù lára ògiri àárín. Bí kò bá sí mọ́, etí tàbí egungun ìhà ni yóò ti mú un, èyí tó túmọ̀ sí ojú ọgbẹ́ míì lára yín.