Google Sheets fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní ìṣirò owó: ó wúlò gan-an, àmọ́ ẹ ṣọ́ fọ́múlà NPV

Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ lè ṣírò iná tí ilé iṣẹ́ kan ń lò láìṣì kan, kó má sì lè dá oníléeṣẹ́ lóhùn tó bá bi í pé, "Èwo ni kí n fowó rà?" Google Sheets dára púpọ̀ fún kíkọ́ wọn ní ìdáhùn yẹn. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ọmọ mẹ́rin lè jọ wà lórí fáìlì kan, olùkọ́ sì lè padà wo ẹni tó yí iye kan padà.

Jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦800,000, epo àti àtúnṣe rẹ̀ ₦900,000 lọ́dún. Sólà ₦3,000,000, ìtọ́jú rẹ̀ ₦100,000 lọ́dún. Ọdún 5 la ó fi lò ó. Èlé lọ sí B1, owó ọjọ́ ìrajà sí B2, ìnáwó ọdún 1 dé 5 sí B3 dé B7. Ẹ kọ =B2+NPV(B1,B3:B7); NPV ló ń sọ owó ọdún iwájú di iye tó jẹ́ lónìí. Ẹ ṣe ti sólà bẹ́ẹ̀ ní òpó C, pẹ̀lú èlé B1 kan náà.

Bí èlé bá jẹ́ 10%, ìnáwó jẹnẹrétọ̀ ní owó òní jẹ́ ₦4,211,708, ti sólà ₦3,379,079. Ẹ sọ B1 di 25%: jẹnẹrétọ̀ di ₦3,220,352, sólà ₦3,268,928. Jẹnẹrétọ̀ ló wá dínwó jù báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì ò yí padà. Iye yẹn kì í ṣe àlá o: ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, CBN gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5%.

Kí wọ́n wá yọ C kúrò lára B sínú òpó D. IRR, fọ́múlà tó ń wá èlé tó máa sọ iye òní owó wọ̀nyẹn di òdo, lórí D2:D7 á fún wọn ní nǹkan bí 23.9%, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá lo IRR lórí òpó B nìkan á rí àmì àṣìṣe #NUM!, torí kò sí iye tó ní àmì ìyọkúrò níbẹ̀.

Àléébù tó burú jù wà lára NPV fúnra rẹ̀. Ó gbà pé ìparí ọdún 1 ni owó àkọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá kọ =NPV(B1,C2:C7) á rí ₦2,615,142 fún sólà ní 25%, kò sì ní sí àmì àṣìṣe kankan. Bí ó bá kọ ti jẹnẹrétọ̀ dáadáa, sólà á dà bí èyí tó fi ₦605,210 dínwó.

PMT, fọ́múlà tó ń ṣírò iye tí a ó máa san lórí ẹ̀yáwó, náà ń gba ìṣọ́ra. Fún ẹ̀yáwó ₦3,000,000 ní èlé 24% lọ́dún, oṣù 36, =PMT(24%/12,36,3000000) á fún yín ní nǹkan bí ₦117,699 lóṣù, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò torí owó ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé /12 á rí ohun tó lé ní ₦720,000.

Goal Seek, irinṣẹ́ tó ń wá iye tó máa mú èsì tí ẹ fẹ́ jáde, ò sí nínú Sheets àfi kí ẹ fi kún un. Excel ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó fún iṣẹ́ ní máàkì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti ` kí gbogbo fọ́múlà lè hàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú àkámọ́ NPV.