Springer tàbí cocker: èwo ni kí ẹ rà fún ọdẹ àfẹsẹ̀rìn?

Ẹni tó bá fẹ́ dúró sójú kan kí àwọn tó ń gbowó máa lé ẹyẹ wá bá òun, ajá Labrador ni kó lọ rà, kó má wulẹ̀ ka èyí. Àwa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ etí oko àti igbó ẹlẹ́gùn-ún ní ìlú Ọba, ìbọn lápá, ajá kan níwájú, láìsí ẹni tí yóò bá wa fọ́n igbó. Ajá yẹn ló máa wá ẹran, òun ló máa lé e dìde, òun náà ló máa gbé e wá tó bá ṣubú. Iṣẹ́ irú ajá tí wọ́n ń pè ní spaniel nìyẹn, méjì nínú wọn ni wọ́n sì sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó fẹ́ ra ọmọdé ajá: springer àti cocker.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ọ̀run ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀run ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Títí di 1901, òṣùwọ̀n ló ń ya wọ́n. Èyí tí kò bá wúwo ju pọ́n-ùn 25 lọ, cocker ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ńlá, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. 1902 ni Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ irú ajá ní ìlú Ọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba springer wọlé gẹ́gẹ́ bí irú ajá tó dá dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lónìí wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń tà wọ́n ń tọ́ka sí ló wà.

Springer ga, ó sì wúwo ju cocker lọ, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó kàn yín nínú rẹ̀ ni pé ehoro ńlá ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní hare, lè tó kílò mẹ́ta sí mẹ́rin. Springer á gbé e dé ọwọ́ yín. Cocker á gbìyànjú, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a lájò. Bó bá di omi tútù inú oṣù kìn-ín-ní, springer ni mo fẹ́. Bó bá di gorse, igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún, tó dí pa, tí ẹran sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, cocker borí, kò sí àríyànjiyàn: abẹ́ ló ń gbà nígbà tí springer ń wá ibi tó máa fò kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni fèrè. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ti spaniel le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe kó kàn gbọ́ kó padà wá. Ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan kó gùn, kó jókòó síbi tó bá wà, bí ehoro tilẹ̀ ń sá lọ níwájú imú rẹ̀. Bí ẹyẹ bá fò, kó jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan fọn ohunkóhun. Bí ìbọn bá dún, kó jókòó. Ìgbà tí ẹ bá rán an ló tó máa lọ gbé ẹran.

Kì í ṣe fáàrí. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí a ń lò, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi yáàdì 40 lọ. Bí ajá bá lé ẹyẹ pheasant dìde ní yáàdì 20, ẹ ṣì ráyè gbé ìbọn sí èjìká. Bó bá lé e dìde ní 40, afẹ́fẹ́ lẹ máa yìnbọn sí. Ajá tó bá sì ń sá tẹ̀ lé ẹyẹ tí kò tíì fò ga ti gbé ara rẹ̀ sójú ọta. Bó bá jẹ́ ehoro ló gbá tẹ̀ lé, tó gba abẹ́ wáyà bọ́ sáàárín àgùntàn oníbùú ilẹ̀ kejì, ìgbà wà tí òfin ilẹ̀ yìí gba àgbẹ̀ láàyè láti yìnbọn pa ajá náà láìjẹ̀bi.

Cocker dúdú kan ni mo kọ́kọ́ rà, ọmọ oṣù 14. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti kọ́ ọ dé ìdajì, owó tó sì gbà ju ìlọ́po mẹ́ta owó ọmọ ajá lọ. Lórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ajá yìí ń jókòó bí ọmọ iléèwé tó rí ọ̀gá àgbà. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kò mira. Mo sanwó. Nígbà tí a wọ igbó ẹlẹ́gùn-ún létí kòtò omi kan ní Suffolk, ó kó sábẹ́ ẹ̀gún, n kò rí i mọ́. Ìró ewé gbígbẹ nìkan ni mò ń gbọ́, lẹ́yìn náà igbe tín-ín-rín kan, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo máa tún rí i, ó ti wà lódìkejì pápá, ehoro níwájú, òun lẹ́yìn. Mo fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Ohun tí ẹni tó tà á kò sọ ni pé ajá náà kò rí ehoro ààyè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Owó olùkọ́ tí mo tún san lẹ́yìn ìyẹn, ká fi í sílẹ̀. Orí okùn gígùn ló ti lo gbogbo àsìkò ọdẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ lè ní ẹni tó tà á ni kí n bá wí, kì í ṣe ajá. Òótọ́ ni, mo sì mọ àwọn cocker tó ń jókòó ju tèmi lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi sọ pé ó ṣòroó kọ́ fún ẹni tí kò kọ́ ajá rí. Cocker kúrú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọdẹ ló sì jẹ́ aláwọ̀ kan: dúdú, tàbí àwọ̀ ẹ̀dọ̀, tàbí àwọ̀ wúrà. Springer ní tirẹ̀, funfun pọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń yọ lókè koríko. Kí ẹran tó jáde, ara ajá á ti sọ ọ́: imú á lọ sílẹ̀, ìrù tó ń jù wẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kíkankíkan, èjìká á le. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì yẹn ni fèrè wúlò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń sá, etí ti di. Bess, abo springer tí mo ní báyìí, ìrù rẹ̀ ni mo máa ń wò láàárín ewéko bracken, fèrè á sì ti wà lẹ́nu mi kí pheasant tó na ìyẹ́. Ẹni tí kò rí ajá rẹ̀, ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ló máa ń fọn tirẹ̀. Lílé ẹran sì rèé, bó bá ti dùn mọ́ ọmọdé ajá lẹ́ẹ̀mejì péré, wàhálà oṣù mélòó kan ti wọmi.

Àbúrò mi kan ní Kent tó ní cocker sọ pé ojúsàájú ni mò ń ṣe. Mo bi í pé níbo ni ajá rẹ̀ wà bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n pè yín padà."

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti kọ́ dé ìdajì, yálà springer ni o tàbí cocker, ẹ má wò ó lórí koríko gígé. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú un wọ ibi tí ẹran ààyè wà. Àwọn olùkọ́ kan ní ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká tí ehoro ń gbé inú rẹ̀, iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Bí òun bá fọn fèrè tán, ẹ gbà á, kí ẹ̀yin náà fọn ọ́n, torí ajá mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wo nọ́ńbà ara fèrè náà pẹ̀lú. Fèrè Acme 210½ lọ̀pọ̀ àwọn tó ní spaniel ń lò, kò wọ́n. Irú èyí tí ajá mọ̀ ni kí ẹ rà. Bí wọ́n bá ní ehoro ti tán lágbègbè àwọn lọ́jọ́ náà, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Ìyókù, wéréwéré. Cocker máa ń pẹ́ gbọ́n, bí ẹ bá sì jágbe mọ́ ọn, ó lè bínú sí yín dalẹ́. Springer máa ń yá jù: bí ẹ bá ń mú un jáde ṣáá nígbà tó ṣì kéré, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jìnnà, á máa ṣọdẹ fún ara rẹ̀. Kí ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò DNA bàbá àti ìyá. Ti springer, fucosidosis ni kí ẹ wò, àrùn ọpọlọ tó ń pani. Ti cocker, FN tó ń ba kíndìnrín jẹ́ àti PRA tó ń fọ́ ajá lójú. Ní England, òfin 2006 ti ka gígé ìrù léèwọ̀ àfi fún ajá iṣẹ́, dókítà ẹran ló gbọ́dọ̀ gé e, kí ọmọ náà má sì tíì ju ọjọ́ 5 lọ. Bí wọ́n bá ti gé e, ẹ gba ìwé rẹ̀. Láti 2020 ni kò ti sí ààyè fún alágbàtà láti ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 6 níbẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó tọ́jú ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ìyá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ pàdé òun nílé epo, ẹ sá fún un. Orúkọ ajá, ẹ jẹ́ kó kúrú. Irú orúkọ olówe tí à ń sọ ajá nílé, Tanímọ̀la àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó pè é tán ó ti kọjá odi.

Ẹ tún ka oṣù. Pheasant ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ó ń parí ní ọjọ́ 1 oṣù kejì. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù kẹta, ọmọ oṣù méje péré ni nígbà tí ìbọn bá ń dún. Ẹ fi í sílé di ọdún tó ń bọ̀. (Òfin ò jẹ́ ká yìnbọn sí pheasant lọ́jọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Kérésì ní England, nítorí náà ìyàwó ò ní rí ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rò mọ́ yín lẹ́sẹ̀.)

Méjèèjì ló dáa. Ẹni tó ti kọ́ ajá rí, tí ilẹ̀ tó ń dẹ kún fún gorse àti ehoro, tí ilé rẹ̀ kéré, tí sùúrù rẹ̀ sì pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ, kó ra cocker. Ẹni tí èyí jẹ́ ajá àkọ́kọ́ rẹ̀, tí kò ní olùkọ́ nítòsí, kó ra ọmọ springer, abo bó bá lè rí i, kó sì bẹ ẹni tó ni ín pé kó jẹ́ kóun wo ìyá rẹ̀ nínú igbó. Bí ìyá náà bá jókòó nígbà tí ẹyẹ fò, ẹ san owó ìdúró kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́jà.