Àgbéyẹ̀wò restic: ẹ̀dà ìpamọ́ ọdún 7 ní ọ́fíìsì tí iná rẹ̀ kì í dúró

Restic jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ẹ̀dà fáìlì pa mọ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 la fún un. Èyí tó já bọ́ jẹ́ nítorí pé kò ní bọ́tìnnì kankan téèyàn lè tẹ̀: àṣẹ la máa ń kọ sínú fèrèsé dúdú, ẹni tí ìyẹn bá dẹ́rù bà kó wá nǹkan mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Ọ́fíìsì aṣírò owó kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́, la ti lò ó: kọ̀ǹpútà 3, hard disk USB 2 TB kan tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì, àti ìkejì tó ń bá ọ̀gá relé lọ́jọ́ Ẹtì.

Gbígba ẹ̀dà kò le. Iṣẹ́ wà nínú sísọ fún un èwo ni kó pa mọ́ àti èwo ni kó jẹ́ kó lọ. Àṣẹ tí a ń lò nìyí (forget ń ju ẹ̀dà nù, nọ́ńbà ẹ̀yìn keep kọ̀ọ̀kan ni iye tó ń dá sí):

restic forget --keep-daily 7 --keep-weekly 5 --keep-monthly 12 --keep-yearly 7 --dry-run

Ẹ má ka daily 7 sí ọjọ́ 7 sẹ́yìn o. Ọjọ́ 7 tí ẹ̀dà wà nínú wọn ló ń kà. Bí iná ọba bá lọ láti Ọjọ́rú di ọjọ́ Ẹtì, tí ẹnikẹ́ni kò sì tan kọ̀ǹpútà, restic á fo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, á lọ mú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi dí i. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ẹ̀dà mẹ́rin bá wà lọ́jọ́ kan, èyí tó kẹ́yìn ló ń mú. Ẹ̀dà tí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn òfin keep yẹn bá sì dá sí, ó yè.

Kí ló dé tí yearly fi jẹ́ 7? CAMA ti 2020, òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí ilé-iṣẹ́ pa àkọsílẹ̀ ìṣirò owó mọ́ fún ọdún 6. Restic ń ka ọdún tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà 6 á fi ọdún 5 tó ti parí sílẹ̀ fún yín. Àmọ́ òfin ààbò dátà ti 2023 kò fẹ́ kí ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ fi fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù àti fọ́ọ̀mù wọn sínú ibi ìpamọ́ ọ̀tọ̀, kí nọ́ńbà ibẹ̀ kéré. Restic rewrite lè yọ fáìlì kan kúrò nínú ẹ̀dà àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàhálà ni.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn kì í rí títí yóò fi pẹ́ jù. Ẹ̀dà tó kẹ́yìn lọ́dún ni yearly ń mú. Ìwé owó tí a ṣe lóṣù Kẹta, tí akọ̀wé pa rẹ́ lóṣù Kẹwàá, kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ̀dà oṣù 12 bá ti yí kọjá, ó tán. Kí ẹ tó tún fódà ṣe, ẹ gba ẹ̀dà pẹ̀lú --tag ayewo (àmì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lára), kí ẹ sì fi --keep-tag ayewo kún àṣẹ òkè yẹn.

Ibi tó ti ń dáni lójú rú jù ni bó ṣe ń pín ẹ̀dà sí ọ̀wọ́. Orúkọ kọ̀ǹpútà àti ojú ọ̀nà fódà ló fi ń pín wọn, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní 7, 5, 12 àti 7 tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá yí D:\Isiro padà sí D:\Isiro2, ọ̀wọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ti àtijọ́ á jókòó síbẹ̀ láéláé, torí kò sí ẹ̀dà tuntun tí yóò tì í jáde. Hard disk á kún, ẹ ò ní mọ ìdí. Àwọn kan á wá sáré kọ --group-by '' kí gbogbo rẹ̀ lè di ọ̀kan. Ẹ má dán an wò! Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ọ̀wọ́ kan: ẹ̀dà kan ṣoṣo ni daily á dá sí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ti kọ̀ǹpútà méjì yòókù á lọ. --group-by host sàn, bí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá ń gba gbogbo fódà rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí --dry-run fi wà nínú àṣẹ wa nìyí: ó ń ka èyí tó máa kú àti èyí tó máa yè síta, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn tí a bá ti wò ó la máa ń yọ ọ́ kúrò, kí forget tó ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Bí bátìrì CR2032 inú rẹ̀ bá kú, ọdún àtijọ́ ni yóò máa kọ sára ẹ̀dà òní. Èyí tó burú jù ni kí aago sáré síwájú, bí ẹ bá ń lo --keep-within, tó ń dá ẹ̀dà inú àkókò kan sí: láti orí ẹ̀dà tó kẹ́yìn ló ti ń kà sẹ́yìn, bí ẹ bá sì ṣe forget nígbà tí aago ṣì ń sọ pé ọdún 2050 la wà, ẹ̀dà tó gbé ọdún yẹn lè jẹ́ kó ka gbogbo yòókù sí ògbólógbòó.

Forget nìkan kì í dá àyè padà. Prune ló ń ṣe ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sì tó. Bí ibi ìpamọ́ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, prune á máa fa dátà wálẹ̀ láti tún un tò. Àṣàyàn --max-repack-size 500M ń dín in kù, --max-unused unlimited á jẹ́ kó pa kìkì àpò dátà tí kò sí ohun tó wúlò nínú rẹ̀ mọ́ rárá. Iná lọ láàárín prune? Ẹ kọ restic unlock, kí ẹ tún un ṣe.

Kò sí “mo gbàgbé password” níbí. Ẹ fi restic key add ṣe ìkejì, kí ọ̀gá mú ọ̀kan, kí èkejì wà lórí ìwé nínú àpótí owó. Láàárín ọdún 7, òṣìṣẹ́ á lọ, òṣìṣẹ́ á dé.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dátà ti bàjẹ́: lóṣù kìíní, restic check --read-data-subset=1/12; lóṣù kejì, 2/12; nígbà tí Kérésì bá fi dé, ó ti ka gbogbo hard disk náà tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ká fi restore gbé fódà ọdún kan jáde, ká ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ká wò ó bóyá àròpọ̀ owó inú rẹ̀ bá ti orí ìwé mu.