Ẹ̀kọ́ Àfikún fún Olùṣètò Ìlú àti Òṣìṣẹ́ Ìdàgbàsókè Ọrọ̀ Ajé: Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Náwó ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ètò ìlú ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Ìyàrà mọ̀ pé ìpolówó ẹ̀kọ́ àfikún kò wọ́n mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọlé sórí fóònù, gbogbo wọn ló sì ń ṣèlérí ìwé ẹ̀rí. Owó wọn kì í ṣe kékeré fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú iye owó: ta ni yóò gba wákàtí ẹ̀kọ́ náà wọlé fún yín? Ìdáhùn rẹ̀ fún olùṣètò ìlú yàtọ̀ pátápátá sí ìdáhùn rẹ̀ fún ẹni tó ń mójú tó ọrọ̀ ajé ìlú, ìdí sì nìyẹn tí mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ yìí.

Fún olùṣètò ìlú: ti ilé àti ti òkè òkun

NITP ni ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò ìlú ní Nàìjíríà láti ọdún 1966, TOPREC tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 ni ó sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. MCPDP, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí NITP ń ṣe lọ́dọọdún, jẹ́ dandan fún ọmọ ẹgbẹ́. Lókè òkun, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí AICP lọ́wọ́ APA, ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò ìlú ti Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ kó máàkì ẹ̀kọ́ 32 jọ láàárín ọdún méjì, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí òfin àti lórí ìwà tó yẹ lẹ́nu iṣẹ́. RTPI, ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò ìlú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè wákàtí 50 láàárín ọdún méjì bákan náà. Ẹ̀kọ́ wọn jinlẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè ra ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì AICP tí wọ́n kọ sára kóòsì kan kò ní ìwúlò fún fáìlì yín bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ má ṣe tìtorí máàkì yẹn san owó lé e.

Lórí òfin, ti ilé ló yẹ kí ẹ rà, mi ò sì rí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 88 ti ọdún 1992, pín iṣẹ́ láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì là á mọ́lẹ̀ ní ọdún 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí ètò ìlú wà. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ òfin 1992 láìmẹ́nu kan ìdájọ́ 2003 kò tíì kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 tún wà níbẹ̀, èyí tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nígbà tó jẹ́ pé ẹbí ló ṣì ń pín ilẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀pọ̀ agbègbè wa. Ẹni tí ẹbí pín ilẹ̀ fún lè ti to bílọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé kí ìwé pílánù rẹ̀ tó dé ọ́fíìsì. Olùkọ́ láti Amẹ́ríkà kò lè sọ ohun tí ẹ máa ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìpàdé ọlọ́jọ́ díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá kò lè kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ gan-an ni owó àfikún ti lérè jù. Ẹ máa bá kóòsì oríṣi méjì pàdé: èyí tó ń lo ArcGIS ti ilé iṣẹ́ Esri, àti èyí tó ń lo QGIS. Tí ẹ bá parí ti ArcGIS, ẹ gbọ́dọ̀ ra àṣẹ láti máa lò ó, ọ́fíìsì ìbílẹ̀ kì í sì sábà ní owó bẹ́ẹ̀ nínú ìṣúná rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni QGIS, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Fún ìdí yìí, QGIS ni mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni ní Yàgbà tàbí Ìjùmú pé kó kọ́, àyàfi ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ ti ní ArcGIS tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùkọ́ léèrè irú àwòrán tí yóò lò. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti Yúróòpù jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n mítà 10 ni ìbú ẹyọ àmì (pixel) kan nínú rẹ̀ níbi tó ti hàn kedere jù. Ó lè fi bí Kàbà ṣe ń gbòòrò lọ sí ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja láti ọdún dé ọdún hàn yín. Kò lè fi ìsọ̀ onígi tí wọ́n kọ́ sórí gọ́tà hàn yín. Ẹni tó bá ní òun yóò fi í ka ìsọ̀ ọjà, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni èyí tó ní kí ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà àti ilé ní òpópónà kan, kí ẹ sì gbé e wọ QGIS fúnra yín.

Fún òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé

Kò sí ìgbìmọ̀ bíi TOPREC tó ń béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yín ní dandan, nítorí náà ohun tí ẹ máa lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ilé tí orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde ni IEDC, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ti Amẹ́ríkà, tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí CEcD lẹ́yìn kóòsì, ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ àti ìdánwò tí ti ẹnu wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ má ra gbogbo rẹ̀. Kóòsì rẹ̀ lórí bí a ṣe ń lo àlékún owó orí ilé láti san gbèsè ọ̀nà tàbí omi kò ní rí ibi dúró sí níhìn-ín. Òótọ́ ni pé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi owó orí ilé sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí a kò bá ti ń gbà á déédéé, kò sí àlékún tí ẹ fẹ́ fi yáwó.

Kóòsì rẹ̀ lórí mímú kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ dúró kó sì gbèrú yàtọ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni bí a ṣe ń bẹ oníṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbéèrè tí a ti tò kalẹ̀: kí ló ń dá yín dúró, ibo ni ẹ ti ń ra ohun èlò, kí ló lè mú yín kó kúrò níbí? Ẹ lè bi àwọn tó ń ra kajú, àwọn onígàrí, àwọn tó ń fọ́ òkúta àti àwọn ahunṣọ Bùnú ní ìbéèrè wọ̀nyí láìyí nǹkan púpọ̀ padà. Èyí tó owó rẹ̀.

Lincoln Institute ní Massachusetts ń fúnni ní ọ̀pọ̀ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àlékún iye tó ń bá ilẹ̀ nígbà tí ìjọba bá la ọ̀nà dé ibẹ̀. Báǹkì Àgbáyé ní kóòsì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ UN-Habitat, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó wà fún ọ̀rọ̀ ìlú, náà kò gba owó. Ẹ fi ìwọ̀nyí dán ara yín wò kí ẹ tó san dọ́là kan.

Aago, dátà àti ìrìn àjò

Kíláàsì tí wọ́n bá fi sí aago kan ọ̀sán ní New York yóò bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níhìn-ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti aago méje nígbà òtútù, nígbà tó jẹ́ pé epo jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fi tẹ̀lé e. IHS, ilé ẹ̀kọ́ ètò ìlú ní Rotterdam ti ilẹ̀ Netherlands, tó ti wà láti ọdún 1958, wà lórí aago kan náà pẹ̀lú wa nígbà òtútù, ó sì fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ kóòsì tí ènìyàn fẹ́ lọ jókòó ṣe níbẹ̀ ní owó físà àti ọkọ̀ òfuurufú lórí, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá ń san owó fún nìkan ni mo rò pé ó kàn.

Ẹni tó wà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dúró, bí àwọn abúlé Bùnú kan, kó ra èyí tí fídíò rẹ̀ ṣeé gbà sílẹ̀ nìkan. Kí ó gba ìlànà ìdápadà owó ní kíkọ, kí ó sì rí i pé orúkọ tí yóò wà lára ìwé ẹ̀rí bá ti TOPREC mu.