Ìkìlọ̀ fún onímọ́tò ní Àgbádárìgì: ẹ má kúrò nídìí ọkọ̀ yín tí wọ́n bá ń tú bóòtì tó ti gan

Mo kọ èyí fún gbogbo ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó gba Àgbádárìgì kọjá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ohun tí mẹkáníìkì kan fojú mi rí lóṣù tó kọjá tún kan ẹlòmíràn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó fi gba owó lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọkọ̀ mi ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ lábẹ́ nígbàkigbà tó bá bọ́ sí kòtò. Mẹkáníìkì náà wò ó, ó ní bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà, tó wà lára lower arm apá ọ̀tún, irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ti jẹ, òótọ́ sì ni. Ó tún ní bóòtì tó so lower arm náà mọ́ subframe, ìyẹn irin ńlá tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti dípẹtà, ó sì ti gan pa. Òótọ́ nìyẹn náà, nítorí Kánádà ni ọkọ̀ náà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, ó sì tún wá bá atẹ́gùn òkun tiwa pàdé níbí. Ibẹ̀ ni òótọ́ rẹ̀ parí sí.

Ó ní kí n lọ jẹun, kí n padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Nígbà tí mo dé, ó na orí bóòtì sí mi, ó ní, “Ọ̀gá mi, ó ti kán o. Ìyókù ti há sínú subframe, kò ṣeé yọ mọ́, àfi ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀.” Ẹni tó ń ta subframe kò ju ṣọ́ọ̀bù méjì sí tirẹ̀ lọ, ọjà náà sì ti wà nílẹ̀, ₦140,000. Mo sanwó. Mo tún san ₦6,000 fún epo tí wọ́n ní àwọn fín sí bóòtì náà, epo tí n kò rí agolo rẹ̀. Orí bóòtì yẹn nìkan ni mo jù sápò, n kò tiẹ̀ mọ ìdí.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Ajárà ló là mí lójú. Ó fi àkísà nu orí bóòtì náà, ó yí i sójú oòrùn, ó sì ní kí n wò ó. Bóòtì tí wọ́n fi sípánà tú títí tó fi kán sábà máa ń rí págunpàgun lójú ibi tó ti kán, tàbí kó lọ́ bí ẹni fún aṣọ. Ti ọwọ́ mi tẹ́jú pẹrẹsẹ bí owó ẹyọ, àwọn ilà tín-ín-rín sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti etí kan dé èkejì. Ipa eyín ayùn irin ni. Ṣe ni wọ́n gé e nígbà tí mo wà nídìí ẹ̀bà.

Baba náà sọ pé ká tiẹ̀ ní ó kán lóòótọ́, kò yẹ kó dé orí subframe. Wẹ́dà lè jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ orí èyí tó há, kí iná rẹ̀ tú u nínú, kí wọ́n wá fi sípánà yí i jáde. Wọ́n sì lè lu àárín rẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́. Àfi tí ìpẹtà bá ti jẹ subframe fúnra rẹ̀ lu ni ọ̀rọ̀ á fi di pípààrọ̀. Ó ní òun kì í kánjú sí irú bóòtì bẹ́ẹ̀: òun á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà kúrò, òun á fín epo sí i, òun á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà lòun á sì lò nítorí pé onígun méjìlá tètè máa ń bó orí bóòtì. Iná ló máa ń kẹ́yìn, kì í sì í súnmọ́ táǹkì epo tàbí páìpù bíréèkì.

Ó tún tọ́ka sí bóòtì tuntun tí wọ́n fi sí i. A rí 10.9 lórí èyí tí wọ́n gé, àmì agbára irin rẹ̀. Orí tuntun náà ń dán, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Bóòtì tí ẹsẹ̀ táyà gbára lé nìyẹn o! Ojú ẹsẹ̀ ni mo ní kó yọ ọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo orí tiyín lónìí.

Mo padà lọ béèrè subframe mi àtijọ́, mẹkáníìkì náà ní àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ta ọ̀kan fún mi. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà dúdú, wọ́n sì ti yọ ìyókù bóòtì tí wọ́n ní kò ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o fún mi lọ́dún tó kọjá ṣì wà lára rẹ̀. Mo béèrè iye tó jẹ́. Ó ní ₦140,000.