Harris tàbí Fort Bend: níbo ni kí ẹ gbé ní Houston?

Àwọn ará wa tó ń kó lọ sí Houston ní Texas, Amẹ́ríkà, máa ń bi mí pé káúńtì wo (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ni kí àwọn gbé, Harris ni àbí Fort Bend. Nínú ìkànìyàn 2020, Harris ní 4,731,145 èèyàn, Fort Bend ní 822,779. Ní Harris, àwọn Látínò, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà yòókù, ló pọ̀ jù. Ní Fort Bend, òyìnbó, Látínò, ará Éṣíà àti èèyàn dúdú jọ wà ni, kò sí èyí tó tó ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ilé gan-an ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé àháyà pọ̀ ní Harris, pàápàá ní àdúgbò Alief tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, bọ́ọ̀sì sì ń ná an. Ní Fort Bend, nǹkan bíi mẹ́ta nínú ilé mẹ́rin ni onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Ẹni tí kò ní mọ́tò á jìyà. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, àmọ́ owó orí ilé wúwo, ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ní Fort Bend sì tún ń san ti omi àti gọ́tà lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè bóyá omi wọ ilé náà nígbà ìjì Harvey ní 2017. Káúńtì méjèèjì ló kàn. Mo ti rí ilé tí ìlà omi ṣì hàn lára ògiri gáréèjì rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì ní mọ́tò, Harris ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ti lọ́mọ, tó ti fowó pamọ́ fún ilé tirẹ̀, kó lọ wo apá Richmond ní Fort Bend.