Ewé eéran tàbí ọ̀rá: èwo ni ká fi se mọ́ínmọ́ín?

Ọ̀rá rọrùn lóòótọ́: a kì í fọ̀ ọ́, kì í sì í tètè fàya. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹun tán ńkọ́? Kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Gọ́tà ló ń dí ní Àkúrẹ́, òjò á sì gbé e lọ sínú odò Àlà. Ẹni tó bá dáná sun ún, èéfín olóró ló ń fà símú.

Ewé gba sùúrù. Ẹ nù ún tinú-tẹ̀yìn, ẹ ká a bí àrọ, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jò, kí ẹ tó bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Èmi a máa lo ewé méjì. Ẹ má ju ọ̀pá rẹ̀ nù o, òun là ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ewé eéran máa ń hù lábẹ́ igi kòkó nípìnlẹ̀ Òǹdó, òórùn dídùn tó sì ń fún mọ́ínmọ́ín, ọ̀rá ò ní in. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò jẹrà di ilẹ̀dú.

Lọ́jọ́ tí ewé bá wọ́n, abọ́ tó ṣeé fọ̀ ni kí ẹ lò.